Ìrìnàjò Mary Slessor ní Kàlàbá: gáìdì wọn dáa gan-an, ìwé pélébé wọn ló ń fẹ́ àtúnṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bèèrè pé kí lèèyàn fẹ́ lọ ṣe ní Kàlàbá tí kì í bá ṣe oṣù December tí wọ́n ń ṣe kànífà, ẹ wá gbọ́ o. Ìrìnàjò kan wà tí àwọn kan ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á fi mọ́tò gbé yín káàkiri gbogbo ibi tí Mary Slessor, míṣọ́nárì obìnrin ará Skọ́tílándì ayé àtijọ́, ti gbé àti ibi tó ti ṣiṣẹ́, títí dé ibi tí wọ́n sin ín sí, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gáìdì á sì máa ṣàlàyé fún yín. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó mú wa lọ torí mi ò wá polówó fún ẹnikẹ́ni, àti pé ohun tí mo fẹ́ bá wọn wí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dé Kàlàbá tẹ́ ẹ bá bèèrè ní hòtẹ́ẹ̀lì yín, wọ́n máa júwe ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀ fún yín. Tíṣà ni mí, iṣẹ́ yẹn náà ni mo ti ń ṣe látìgbà tí mo ti jáde níléèwé, torí náà ojú tíṣà ni mo fi wo gbogbo ohun tá a rí, kẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún wọn, ṣùgbọ́n gáìdì wa, ọmọbìnrin Efik kan tó mọ ìtàn ìlú ẹ̀ dunjú, márùn-ún pé ni tiẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìlà kan ṣoṣo la mọ̀ nípa obìnrin yìí, èyí tí wọ́n ní ká há sórí ní pámárì, pé Mary Slessor ló fòpin sí pípa ìbejì ní Kàlàbá. Ó tán síbẹ̀. Wọn ò sọ fún wa pé tíṣà ni ìjọ ẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí nígbà tí wọ́n rán an jáde, pé kíláàsì ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, pé òun fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rí iléèwé lọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìdí tí mo fi gbádùn ìrìnàjò yìí nìyẹn, torí gáìdì wa jẹ́ kí iṣẹ́ tíṣà yẹn hàn kedere, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwé pélébé tí iléeṣẹ́ wọn pín fún wa ò kọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Kí n sọ èyí fún àwa Yorùbá ná. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn CMS, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ló kọ́kọ́ dé, ìdí nìyẹn tí orúkọ Hinderer fi wà lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn títí dòní, ọdún 1853 ni Anna Hinderer àti ọkọ ẹ̀ dé Ìbàdàn, tí ìyá yẹn sì ń kó àwọn ọmọdé jọ ní Kúdẹ̀tì tó ń kọ́ wọn níwèé. Kàlàbá ní tiwọn, ìjọ Presbyterian ló débẹ̀, ìyẹn ìjọ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Skọ́tílándì, wọn ò ní bíṣọ́ọ̀bù, àwọn alàgbà tí ìjọ yàn ló máa ń jókòó pọ̀ tí wọ́n á sì jọ darí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tá a jọ wà nínú mọ́tò ò gbọ́ orúkọ ìjọ yẹn rí àfi lára pátákó, gáìdì sì fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn láìkánjú. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Mùsíọ́ọ̀mù la ti bẹ̀rẹ̀, ilé tí wọ́n ń pè ní Old Residency. Ilé pákó ni, òkè òkun ni wọ́n ti gé pákó ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe gbogbo ara ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, wọ́n tò ó pọ̀ lórí òkè ní Kàlàbá lọ́dún 1884, ibẹ̀ ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé. Ọdún 1986 ló di mùsíọ́ọ̀mù. Ẹ má sáré jáde níbẹ̀ o, torí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti ní ìdí. Gáìdì dúró níwájú àwọn nǹkan òwò ayé àtijọ́, ó ní ká má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ló kàn já wọ ìlú àwọn láìpè. Ó ní àwọn oníṣòwò Efik ti mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ kí míṣọ́nárì kankan tó dé, pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Antera Duke tó ń kọ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀ láti 1785 sí 1788, òwò ẹrú ni ọ̀pọ̀ ohun tó kọ sílẹ̀ yẹn dá lé, ó sì dun gáìdì láti sọ ọ́, ẹ ó rí i lójú ẹ̀, àmọ́ ó sọ ọ́. Lọ́dún 1842, Ọba Eyamba ti Duke Town àti Ọba Eyo Honesty ti Creek Town, ìlú Efik méjì ní Kàlàbá, ní kí wọ́n bá àwọn kọ lẹ́tà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òwò ẹrú ò sí mọ́, àwọn ń fẹ́ àwọn tó máa kọ́ àwọn níwèé, àwọn sì ń fẹ́ irúgbìn tí àwọn lè gbìn tà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àwọn ọba ló bèèrè tíṣà! April 1846 ni míṣọ́nárì Hope Waddell àtàwọn tó bá a wá gúnlẹ̀, Jamáíkà ni wọ́n sì ti wá, níbi tí Waddell ti ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó ti ṣe ẹrú rí, àwọn aláwọ̀ dúdú ará Jamáíkà sì wà lára àwọn tó bá a wá sí Kàlàbá.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá iléeṣẹ́ wọn wí. Nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín, ojú ewé àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan ní Kàlàbá kí Mary Slessor tó dé. Ó dé lọ́dún 1876, ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn tí míṣọ̀n ti wà níbẹ̀! Wọ́n ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Efik tán nígbà yẹn, míṣọ́nárì Goldie ló ṣe Májẹ̀mú Tuntun, míṣọ́nárì Robb ló ṣe Májẹ̀mú Láéláé. Ọmọ Efik kan tó ń jẹ́ Esien Esien Ukpabio, òun ni Efik àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún, lọ́dún 1853, ó di tíṣà, nígbà tó sì di 1872 wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Ẹ gbọ́ mi o, ọmọ ìlú ti ń kọ́ ọmọ ìlú níwèé kí Màmá Slessor tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá. Gáìdì ló sọ èyí fún wa lẹ́nu ara ẹ̀, kò sí orúkọ Ukpabio nínú ìwé wọn níbì kankan, mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìrìnàjò yìí, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ fi orúkọ bàbá yẹn sí i, kò ní kí iyì Màmá Slessor dín kù.

Láti ibẹ̀ a gba Mission Hill lọ. Ẹ wọ bàtà tó dáa o, bàtà onígìgísẹ̀ ò lè ṣe é, òkè ni, òjò Kàlàbá ò sì mọ ìgbà. Abẹ́ igi kan ni gáìdì ní ká jókòó sí tó sọ ìtàn ìgbà ọmọdé Màmá Slessor fún wa, tí mo bá sì ní kí n mú ibì kan ṣoṣo nínú gbogbo ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni màá mú. Aberdeen, ní Skọ́tílándì, ni wọ́n bí i sí, ní December 2, 1848. Bàtà ni bàbá ẹ̀ ń ṣe, àmọ́ ọtí gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n bá kó lọ sí Dundee pé bóyá ayé á yí padà níbẹ̀, kò yí padà. Ìyá ẹ̀ ló ń hun aṣọ nílé iṣẹ́ kí wọ́n lè rí jẹ. Nígbà tí Mary fi máa pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun náà wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti àwọn Baxter, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nígbà yẹn ni pé ọmọ á ṣiṣẹ́ fún ààbọ̀ ọjọ́, á wá lọ síléèwé tí ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn dá sílẹ̀ fún ààbọ̀ ọjọ́ tó kù. Ẹ rò ó wò, ọmọ tó ti jí láàárọ̀ kùtù tó ti ń sáré láàárín ẹ̀rọ, táriwo ẹ̀rọ ti di í létí, òun náà ni wọ́n tún ní kó wá jókòó ka ABD. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ó ti di òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó wá ń gbé ìwé sórí ẹ̀rọ tó ń lò, á máa jí i wò bí iṣẹ́ bá ti fún un láyè díẹ̀.

Mo ní àwọn ọmọ ní kíláàsì mi tó jẹ́ pé wọ́n ti kiri ọjà láàárọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á máa tòògbé, a ó sì máa bínú sí wọn. Omi bọ́ lójú mi lábẹ́ igi yẹn, mi ò ní parọ́ fún yín.

Gáìdì wa sọ ti àwọn ọmọ ìta Dundee náà, torí ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà, ní kíláàsì ọjọ́ Sunday láàárín àwọn ilé tó há mọ́ra. Àwọn ọmọkùnrin kan dúró dè é lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n so òjé mọ́ okùn, wọ́n ń jù ú yípo, ó ń sún mọ́ orí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró, kò mira. Bó ṣe di pé wọ́n jù ú sílẹ̀ nìyẹn tí wọ́n sì tẹ̀ lé e wọlé lọ jókòó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ àwọn ọmọ tí agbára ń yọ lẹ́nu rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lẹ́yìn tí ìròyìn ikú David Livingstone, gbajúmọ̀ míṣọ́nárì ará Skọ́tílándì tó ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, dé lọ́dún 1874 ló kọ̀wé sí ìjọ pé òun fẹ́ lọ sí Kàlàbá, wọ́n gbà á, wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ díẹ̀ ní Edinburgh, ó sì wọ ọkọ̀ tó ń jẹ́ Ethiopia ní Liverpool lóṣù August 1876. Àgbá ọtí ló rí tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ yẹn, ọmọ tí ọtí ti ba ilé bàbá ẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì bà á nínú jẹ́ pé àgbá ọtí pọ̀ tó báyìí, míṣọ́nárì kan ṣoṣo ló sì ń bá a lọ.

Ní Duke Town, iléèwé ni wọ́n fi í sí. Kò tètè bá àwọn àgbà míṣọ́nárì mu o, torí ó máa ń gun igi, á máa sáré ká oko, á pẹ́ kó tó dé ilé oúnjẹ, wọ́n á ní kó lọ sùn láìjẹun. Àmọ́ Efik wọ̀ ọ́ lẹ́nu débi pé àwọn onílé fúnra wọn ń yìn ín. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí, tí gáìdì náà sì tẹnu mọ́, ni pé kò fẹ́ dúró sínú ọgbà míṣọ̀n kó máa retí káwọn ọmọ wá. Ó ń wọ agboolé lọ. Ó gé irun ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà àti fìlà òyìnbó, ó ń jẹ ohun tí ìlú ń jẹ, ó sì ń fi owó tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ nílé. Ibà ò jẹ́ kó gbádùn, ọdún kẹta ni wọ́n dá a padà sí Skọ́tílándì kó lọ tọ́jú ara, ó tún padà wá.

Tí ẹ bá dé itẹ́ òkú tó wà lórí òkè yẹn, ẹ ó rí àgbélébùú òkúta ńlá tí wọ́n fi sórí sàréè ẹ̀. January 13, 1915 ló kú, ní Use Ikot Oku lẹ́bàá Itu, ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, wọ́n wá gbé òkú ẹ̀ gba orí omi wá sí Kàlàbá, ìjọba sì sìn ín tayẹ̀yẹtayẹ̀yẹ. Ọbabìnrin Elizabeth wá síbẹ̀ lọ́dún 1956. Lọ́dún 1997 àwọn ará Skọ́tílándì fi àwòrán ẹ̀ sára owó bébà pọ́n-ùn mẹ́wàá ti báǹkì Clydesdale, gáìdì ní ọ̀kan lọ́wọ́ tó máa ń fi han àwọn èèyàn, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀rá. Èyí dáa. Ohun tí ò dáa ni bí wọ́n ṣe to ìrìnàjò yẹn, wọ́n mú wa lọ sí sàréè kí wọ́n tó mú wa lọ sí Okoyong níbi tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí gbogbo wa ò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi ń sunkún fún un. Ì bá dáa kí wọ́n fi sàréè kẹ́yìn. Mo sọ ọ́ fún gáìdì, ó ní àwọn tó ṣètò ẹ̀ ń wo epo mọ́tò ni. Èmi ò rò pé epo yẹn máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán wà nínú owó tẹ́ ẹ máa san. Búkà tí ò ní pátákó ni wọ́n gbé wa lọ, ẹ lè yan àfáǹgì tàbí edikang ikong, mo jẹ edikang ikong, ẹ̀fọ́ ẹ̀ pọ̀ ju omi lọ, pẹ̀rìwínkù àti ẹran kún inú ẹ̀, fùfú ẹ̀ gbóná. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ bá wọn wí nípa ìyẹn. Àwọn tó ní ata ń pọ̀ jù fún àwọn, ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Ekpang nkukwo ò sí lọ́jọ́ yẹn, ó dùn mí díẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìbejì. Ní ọ̀nà Akpap Okoyong la ti sọ ọ́, nínú mọ́tò, gbogbo wa ló sì ní nǹkan sọ. Ìgbàgbọ́ wọn láyé ìgbà yẹn ni pé obìnrin tó bá bí méjì, ẹ̀mí àìmọ́ ló bí ọ̀kan nínú ẹ̀ fún un, wọn ò sì mọ èyí tó jẹ́, torí náà wọ́n á kó àwọn ọmọ méjèèjì sínú ìkòkò lọ gbé sọnù sínú igbó, wọ́n á lé ìyá wọn kúrò nílùú. Ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú tó jókòó sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé báwo lèèyàn ṣe lè burú tó báyẹn, gáìdì sì dákẹ́. Èmi ni mo dá a lóhùn pé bọ̀dá, ẹ rọra o, láwọn ibì kan nílẹ̀ tiwa náà wọn ò gba ìbejì láyé àtijọ́, kó tó di pé Táyé àti Kẹ́hìndé wá di ẹni tá à ń se ẹ̀wà fún tí à ń jó fún. Ayé ló yí padà, àwọn èèyàn ló sì yí i. Bó ṣe yí padà ní Kàlàbá ni gáìdì wá sọ, ó sì sọ ọ́ ju ìwé wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lọ́dún 1878, àwọn ọba Duke Town ti bá kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n má pa ìbejì mọ́. Ìwé lásán ni, inú ìgbèríko ò gbọ́. Ohun tí Màmá Slessor ṣe ni pé ó ń gba àwọn ọmọ náà sílé ara ẹ̀, ó ń tọ́ wọn, ó ń gbé wọn dání káàkiri kí wọ́n lè rí i pé ìbejì lè dàgbà láìsí nǹkan kan tó ṣe ìlú. Ọ̀kan nínú wọn, Janie, ó mú un dání lọ sí Skọ́tílándì, ó sọ ọ́ ní orúkọ àbúrò ẹ̀, ọmọ náà dàgbà di ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ nínú ilé títí tó fi kú. Èmi gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò sí ìwàásù tó lè ṣe tó kí ìlú fojú rí ọmọ tí wọ́n ní ó yẹ kó ti kú kó máa ru omi bọ̀ látodò.

Kò sì dá a ṣe. Nígbà tó kó lọ sí Okoyong ní August 1888, Ekenge ló gbé, ní agboolé olóyè kan tó ń jẹ́ Edem, arábìnrin olóyè yẹn, Ma Eme, lẹni tó mú un bí ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ẹnì kan ní esere mu lóru, Ma Eme á rán ọmọ tó máa mú ìgò wá sọ́dọ̀ Màmá bíi pé ó wá gba oògùn, Màmá á ti mọ̀ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, á dìde. Obìnrin yẹn ò fìgbà kan di Kristẹni ní gbangba o, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó gbà là ò kéré. Esere yìí, ẹ̀wà kan ni, májèlé ni, wọ́n á lọ̀ ọ́ sómi fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tó bá pọ̀ ọ́ jáde wọ́n á ní kò jẹ̀bi, tó bá kú ó jẹ̀bi nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn dókítà wá yọ oògùn kan látinú ẹ̀wà yìí kan náà fún àrùn ojú glaucoma, gáìdì ló sọ ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé òótọ́ ni.

Ní Okoyong, kíláàsì ni Màmá tún kọ́kọ́ dá sílẹ̀, àgbà àti ọmọdé, ẹrú àti ọmọ olówó ló jọ ń jókòó kọ́ ABD níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ìjọba fi í ṣe igbákejì kọ́ńsù fún Okoyong, ní 1892, ó ń jókòó dájọ́, á máa hun nǹkan lọ́wọ́ bí àwọn olùpẹ̀jọ́ ṣe ń rojọ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn nínú gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí jù ni ti Charles Morrison. Tíṣà míṣọ̀n lòun náà, Duke Town ni wọ́n fi í sí, ó kéré sí i ní ọdún méjìdínlógún, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, wọ́n ti fi òrùka àdéhùn ìgbéyàwó sí i lọ́wọ́. Wọ́n bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kó wá bá a ní Okoyong, ìgbìmọ̀ ò gbà, ara ọkùnrin náà ò sì le. Ó yẹ kí Màmá fi Okoyong sílẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sí Duke Town, kò lọ. Bí ètò ìgbéyàwó yẹn ṣe tú ká nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tá a jọ wà nínú mọ́tò ń sọ pé àwọn ò lè ṣe é, ọ̀kan ní ó ṣe ohun tó tọ́. Mo mọ tíṣà obìnrin tí wọ́n gbé lọ sí ìgbèríko lórílẹ̀-èdè yìí tí ọkọ ò lè tẹ̀ lé, mo mọ ohun tó ná wọn, nítorí náà mi ò lè sọ pé ó rọrùn fún un. Ìwé pélébé wọn ò dárúkọ Morrison. Ọkùnrin kan tó jẹ́ tíṣà bíi tiẹ̀, tó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò lè kọ ìlà méjì nípa ẹ̀?

Ọ̀nà Akpap yẹn le lọ́jọ́ tá a lọ, òjò ti rọ̀, mọ́tò wa sì pẹ́ kó tó gbéra látàárọ̀, dẹ́rẹ́bà ní táyà lòun ń ṣe, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń kó èrò lọ, wọ́n ì bá ti ṣe é lálẹ́ àná. Ìyẹn ló jẹ́ kí àkókò tá a lò ní Okoyong kéré. Ìràwọ̀ tí mo yọ, apá kan ẹ̀ nìyẹn. Apá kejì ni ti iléèwé Hope Waddell, tí wọ́n fi orúkọ míṣọ́nárì yẹn pè. Iléèwé yìí, ọdún 1895 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Màmá Slessor wà lára àwọn tó ń pariwo pé kì í ṣe ìwé nìkan ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ náà, káfíńtà, ìwé títẹ̀, aṣọ rírán. Nnamdi Azikiwe kàwé níbẹ̀, Akanu Ibiam kàwé níbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ tíṣà obìnrin yẹn so èso tó ṣì ń gbé ayé títí dòní ni, àfi kí mọ́tò wa rọra kọjá níwájú géètì, kí gáìdì na ọwọ́ sí i, ó parí. Wọ́n wá gbé wa lọ síbi ère ẹ̀ tó gbé ìbejì dání ní ráńdàbáòtù, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ya fọ́tò títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Mi ò bá fọ́tò jà o, èmi náà ya tèmi, àmọ́ tí mo bá ní láti yan ọ̀kan, inú iléèwé ni màá fẹ́ wọ̀.

Fún àwọn tó fẹ́ lọ: ẹ mú agbòòrùn, ẹ mú owó tútù dání torí POS ò sí níbi gbogbo, ẹ sì tọ̀ ní búkà kẹ́ ẹ tó kọrí sí Akpap. Àwọn ọmọ tó ti wọ pámárì 4 sókè máa gbádùn ẹ̀, àwọn kéékèèké máa sùn nínú mọ́tò. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ iléèwé lọ, ẹ pe iléeṣẹ́ náà ṣáájú, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí Hope Waddell kí wọ́n lè jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, gáìdì sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe tí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú. Ẹ sì bèèrè fún ọmọbìnrin Efik tó máa ń gbé owó pọ́n-ùn mẹ́wàá inú ọ̀rá dání, wọ́n máa mọ ẹni tẹ́ ẹ ń sọ. Tí wọ́n bá ní kò sí lọ́jọ́ yẹn, ẹ sún un sí ọjọ́ tó bá máa wà.